Bí òfin físíìsì bá ń darí òjò, kí ló dé tí a kò lè mọ ọjọ́ tí yóò rọ̀ lóṣù tó ń bọ̀?

Òfin ló ń darí rẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó ń dà á rú ni pé ìyàtọ̀ tín-ín-tín níbẹ̀rẹ̀ máa ń di ńlá kíákíá. Èyí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní chaos.

Lọ́dún 1961, Edward Lorenz, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ní yunifásítì MIT, Amẹ́ríkà, ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ojú ọjọ́. Ó fẹ́ tún apá kan ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ló bá tẹ 0.506 dípò 0.506127 gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀. Ó lọ mu kọfí. Nígbà tó padà dé, ojú ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà gbé jáde kò jọ ti àkọ́kọ́ mọ́ rárá. Ìyàtọ̀ tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún!

Ẹ wo orí àpáta Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì nígbà òjò. Ẹ̀kán omi méjì lè bọ́ síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan ṣàn síhìn-ín, kí èkejì gba ọ̀hún lọ. Ní ti ojú ọjọ́, irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ kì í dáwọ́ dúró.

Ìdí nìyí tí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ò fi ṣe é gbára lé tó bá ti kọjá nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ẹ bá fẹ́ gbin àgbàdo, ti ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni kí ẹ máa wò.