Ọmọ tuntun tó ń ta gìrì lójú oorun: ṣé àìsàn ni àbí àdámọ́?

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó bá ń sùn lọ́wọ́ á kàn ṣàdédé ta gìrì, á na ọwọ́ méjèèjì, á wá bú sẹ́kún. Màmá kan ní kọ́ńpáàǹdì wa ní Nyanya ní gìrì ni, kí n tètè wá àgbo. Ìyá ọkọ mi ní àdámọ́ ọmọ tuntun ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Ìyá ọkọ yín ló jàre. Kì í ṣe àdámọ́ tí wọ́n máa ń sọ tẹ́nì kan bá lágídí o, èyí tí ọmọ gbé wáyé tẹ́nikẹ́ni ò kọ́ ọ ni mò ń sọ. Ẹ fìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, á yíjú síbẹ̀, á máa wá ọmú. Ẹ ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á dì í mú pinpin. Títa gìrì yẹn náà nìyẹn. Dókítà ọmọdé kan ará Austria, Ernst Moro, ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1918, orúkọ ẹ̀ náà la ṣì fi ń pè é lọ́sibítù. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ṣàdédé tan, ilẹ̀kùn tó gbá gbàà, tàbí kórí ẹ̀ kàn yẹ̀ sẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì á ṣí, á wá kó wọn padà sáyà bí ẹni fẹ́ dì mọ́ ìyá ẹ̀. Tó bá fi máa pé oṣù 4 sí 6, ó ti lọ fúnra ẹ̀.

Gìrì gidi ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rọra di ọwọ́ tó ń gbọ̀n mú, tí ò bá dúró, tàbí tójú yí sókè, tàbí tétè dúdú, tàbí tó ń ṣe é léraléra, tàbí tára ẹ̀ gbóná, Nyanya General Hospital ò jìnnà sí yín, ẹ gbé e lọ kíákíá. Tó bá jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló máa ń gbé náà, ẹ jẹ́ kí dókítà wo èjìká ẹ̀, ó lè ti fara pa nígbà ìbí.

Àgbo yẹn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Èyí tí wọ́n ń fi ìtọ̀ màlúù àti tábà ṣe yẹn máa ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì lè dá mímí ẹ̀ dúró. Kó má baà máa ta gìrì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, kí ìdí kọ́kọ́ kanlẹ̀ kórí tó kàn, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ lé e láyà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò.