Má bi wọ́n pé "Ṣé abirùn wà nílé?"

Àbúrò, o ní wọ́n fẹ́ kó yín lọ ka ilé kiri àwọn abà l'Ékìtì, kí wọ́n lè mọ ibi tó yẹ kí nọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, o wá ń béèrè bí ẹ ò ṣe ní fo ẹnikẹ́ni. Èmi ti fo odidi abà rí.

Lọ́nà Ìsẹ̀ ni. Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù wa: "Ṣé abirùn wà nílé yìí?" Gbogbo ilé tí mo dé ni wọ́n ti ń sọ pé, "Abirùn kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mo ń kọ òdo lọ. Inú mi tiẹ̀ ń dùn pé iṣẹ́ yá.

Lọ́jọ́ kẹta mo padà lọ wá agboòrùn tí mo gbàgbé síbẹ̀. Mo bá ọmọbìnrin kan tó ń bẹ gbágùúdá, mo kí i títí, kò dáhùn. Ìyá rẹ̀ ní kò gbọ́ràn láti kékeré. Mo ní, "Ìyá, ẹ ṣe wá ní kò sí?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé o bi mí bóyá ó ń gbọ́ràn ni? Abirùn lo bi mí. Ọmọ mi kì í ṣe abirùn."

Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lọmọ náà ti lọ sílé ìwòsàn. Orúkọ ni wọ́n ń pè níbẹ̀. Kò gbọ́ tirẹ̀, ó jókòó títí wọ́n fi tilẹ̀kùn. Nínú ìwé wọn, kò wá rárá nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò kan tí wọ́n kóra jọ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2001, Washington Group, ní ìbéèrè mẹ́fà tí kò sí "abirùn" nínú ọ̀kankan. Ṣé ó ń ṣòro fún un láti ríran, bó tiẹ̀ lo awò? Láti gbọ́ràn? Láti rìn? Láti rántí nǹkan? Láti wẹ̀ tàbí wọṣọ? Láti sọ̀rọ̀ kó yéni? Ìdáhùn mẹ́rin ló wà: kò ṣòro, ó ṣòro díẹ̀, ó ṣòro gan-an, kò lè ṣe é rárá. Àwọn tó wà ní méjì ìkẹyìn ni wọ́n ń kà. Ti ọmọdé yàtọ̀, wọ́n bá UNICEF ṣe é. Ọmọ ọdún méjì wo ló ń dá wẹ̀?

A padà lọ fi ìyẹn béèrè. Abà tí mo kọ òdo sí, èèyàn mọ́kànlá! Bàbá kan tó ní "ojú àgbà lásán ni" kò rí ọwọ́ ara rẹ̀.

Ti àwọn Ẹbíra àti Àgàtú tó ń ṣiṣẹ́ oko, ẹ mú ẹni tó gbọ́ èdè wọn dání, kẹ́ ẹ lọ nírọ̀lẹ́. Ẹ tètè sọ pé kì í ṣe owó orí.

Má sì gbọ́kàn lé iye tí wọ́n bá kọ fún yín láti ọ́fíìsì. 2006 la ka èèyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà, wọ́n kàn ń fojú bù ú lé e lọ́dọọdún ni. Ìdí nìyẹn tí ìwé fi lè sọ pé ọmọ tó gbabẹ́rẹ́ ju ọmọ tó wà nílùú lọ, nígbà tí àwọn tí kò gbà rí ṣì wà lábà.

Nígbà tí àwọn ará ilé ìwòsàn rí iye mọ́kànlá tá a kọ yẹn ni wọ́n tó fi orúkọ pípè sílẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín nọ́ńbà, tí nọ́ọ̀sì ń gbé e sókè kí wọ́n fojú rí i. Ọmọbìnrin yẹn ti ń lọ báyìí. Agboòrùn mi ni mi ò rí títí dòní.