Mẹ́mọ́rì 1GB kò ní kí ohùn inú Motif XS má parẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kíbọ́ọ̀dù Yamaha Motif XS7 tòkunbọ̀ ni mo ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo kó ohùn gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo sí i láti inú USB, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí NEPA bá ti múná lọ ni wọ́n ń parẹ́. Ẹni tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe ní mẹ́mọ́rì ni kò sí níbẹ̀. Ó ní bí òun bá fi 1GB sí i, kò ní parẹ́ mọ́, ohùn á ki sí i, kò sì ní máa já bí mo bá tẹ kọ́ọ̀dù ńlá. Owó tó dárúkọ pọ̀. Ṣé kí àwọn alàgbà san án?

ÌDÁHÙN: Rárá. Kí wọ́n má tíì san nǹkan kan.

Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, ó sì ń bí mi nínú. Kì í ṣe ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè ni mò ń bínú sí o, àwọn tó ń ta ohun tẹ́ ẹ ti ní fún yín ni. Gbọ́, àbúrò: Motif XS kì í ní mẹ́mọ́rì kankan fún sample, ìyẹn ìró tí èèyàn fúnra rẹ̀ kó sí i, nígbà tó bá kúrò nílé iṣẹ́ Yamaha. Ihò méjì ló ní fún un, òfìfo sì ni wọ́n. Tí kò bá sí nǹkan nínú wọn, gángan rẹ kò ní wọlé rárá, ká má tíì sọ pé ó ń parẹ́. Bó ṣe ń wọlé yẹn, ẹnì kan ti fi mẹ́mọ́rì sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Nítorí náà, "mẹ́mọ́rì ni kò sí níbẹ̀" tí ọ̀gá yẹn sọ, irọ́ ni tàbí àìmọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń pè ní DIMM kì í ṣe àpótí ìkẹ́rùsí. Orí rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń tẹ́ ohùn sí nígbà tó bá ń lò ó. Iná bíńtín tó wà nínú àwọn kàpásítọ̀ tíntìntín inú rẹ̀ ló fi ń rántí nǹkan, iná ọ̀hún sì ń jò ṣáá ni. Ká pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí 64 nínú rẹ̀ kọjá kó tó tún wọn cháàjì. Nígbà tí NEPA bá wá múná lọ, ta ló máa cháàjì wọn? 128MB ni o, 1GB ni o, bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣófo. Ọmọ kéwú tí wọ́n fún ní wàláà ńlá á rí àyè kọ púpọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá da omi sí i, gbogbo rẹ̀ ló máa lọ.

Ohun tó ń jẹ́ kí irọ́ yìí tètè wọ̀ yín létí ni pé orúkọ ohùn kì í parẹ́. Bí o bá ti tẹ STORE, orúkọ "Gángan" àti ètò rẹ̀ á wà nínú flash kékeré tó wà nínú kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, iná lọ, iná ò lọ. Àmọ́ ìró gan-an, ìyẹn waveform, inú DIMM ló wà. Iná á padà dé, wàá rí orúkọ lójú ẹ̀rọ, wàá tẹ̀ ẹ́, kò ní dún. Ni wọ́n á bá ní mẹ́mọ́rì ti jóná.

Ti ohùn tó máa ki sí i, irọ́ gbáà. Àwọn ohùn tí Yamaha kó sínú XS wà nínú ROM 355MB tiwọn, ìyẹn mẹ́mọ́rì tí kì í parẹ́, DIMM kò kàn wọ́n rárá. Ti jíjá ńkọ́? Ìró 128 ni ẹ̀rọ yìí lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, chip tó ń mú ìró jáde ló sì fi ààlà náà sí i. Ohùn kan lè ní element 8 nínú, ìyẹn ìró 8 tó ń dún pọ̀ bí o bá tẹ nóòtì kan ṣoṣo. Tẹ kọ́ọ̀dù onínóòtì 8, 64 ti lọ. Fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀, tẹ kọ́ọ̀dù mìíràn lé e, 128 ti pé; èyí tó bá tún tẹ̀ lé e ló ń já ti tẹ́lẹ̀. Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì. Ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Nígbà tí ohùn rẹ bá pé sínú ẹ̀rọ, lọ sí FILE, fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sórí USB gẹ́gẹ́ bí "All". Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí X0A ló máa jáde. STORE nìkan kò tó. Lẹ́yìn náà, wá Auto Load nínú UTILITY, tàn án, kí o sì yan fáìlì yẹn. USB náà kò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù. Bí iná bá dé, ẹ̀rọ á kó o wọlé fúnra rẹ̀. Ìdí rèé tí o kò fi gbọ́dọ̀ kó ìkókúkòó sínú rẹ̀: bí fáìlì bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe pẹ́ tó, pásítọ̀ kò sì ní dúró dè ọ́.

Owó tí àwọn alàgbà fẹ́ ná, kí wọ́n fi ra UPS kékeré irú èyí tí wọ́n ń lò fún kọ̀ǹpútà. Ó tó gbé kíbọ́ọ̀dù ró títí ẹ ó fi tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà kẹ́ ẹ tó so ó mọ́ UPS o. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, 120V ló ń jẹ.

Ṣé ó tiẹ̀ nílò àyè sí i? Ìṣẹ́jú kan ohùn stereo kò ju nǹkan bí 10MB lọ. Gángan ọgọ́rùn-ún, tí ìkọ̀ọ̀kan gùn tó ìṣẹ́jú àáyá kan, kò tó 20MB. Wo iye tó wà níbẹ̀ lójú ìwé Sampling ná. Bó bá jẹ́ pé kò tó lóòótọ́, DIMM irú DDR onípíìnì 184 ni wàá wá, irú tó wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ayé Pentium 4, méjì tó bára mu ní gbogbo ọ̀nà, 512MB lọ́kọ̀ọ̀kan ó pọ̀ jù. Ti láptọ́ọ̀pù kò wọ̀ ọ́. Yọ wáyà iná kó o tó ṣí ìdérí abẹ́ rẹ̀, kó o sì fọwọ́ kan irin kó o tó mú mẹ́mọ́rì dání, pàápàá nígbà ọyẹ́. Mi ò fojú rí ẹ̀rọ yín o. Bí ọwọ́ rẹ kò bá dá ọ lójú, má ṣí i.

Kíbọ́ọ̀dù tí sample kì í parẹ́ nínú rẹ̀ ni Motif XF tó jáde ní 2010, bí wọ́n bá fi pátákó flash tirẹ̀ sí i. Pátákó náà kò ṣe é fi sínú XS.

Bí ọ̀gá yẹn bá ṣì takú pé 1GB tòun yàtọ̀, kó fi sí i lójú ìwọ àti àwọn alàgbà, kó kó gángan sí i, kó yọ USB, kó yọ wáyà lára ògiri, kó tún un tàn, kó sì tẹ̀ ẹ́ kí ẹ gbọ́, kó tó gba kọ́bọ̀.