Èsì: rédíò orí tábìlì àbí ti kọ̀ǹpútà?
Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè ẹ, pé ṣé kó o ra rédíò orí tábìlì tó ń gbé shortwave (ìgbì rédíò tó ń rìn jìnnà, tá a fi ń gbọ́ iléeṣẹ́ rédíò ilẹ̀ òkèèrè) àbí SDR, ìyẹn rédíò kékeré tí wọ́n ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà á sì máa bá a ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ Kétu níbí lo wà bíi tèmi, ra ti orí tábìlì ná, èyí tó ń lo bátìrì, torí tí iná bá lọ lóru, o ṣì ń gbọ́ rédíò ẹ lọ ni. Lóòótọ́ SDR dùn gan-an o, ojú lo fi ń rí àwọn iléeṣẹ́ rédíò, wọ́n á hàn bí ilà tó ń ṣàn wálẹ̀, o tẹ èyí tó o fẹ́, o sì lè gbà á sílẹ̀ kó o gbọ́ ọ lọ́la. Àmọ́ ṣájà láptọ́ọ̀pù tèmi, ariwo ẹ̀ wọnú rédíò bí ẹni ń dín àkàrà, mo yọ ọ́ lára iná, ó dákẹ́ rọ́rọ́!

Èyíkéyìí tó o bá rà, wáyà eríàlì tó ń gba ìgbì rédíò wọlé ni kókó. Na bíi mítà 10 láti ojú fèrèsé dé ara igi, kó jìnnà sí wáyà iná. Lálẹ́, wá àwọn iléeṣẹ́ rédíò láàárín 5900 sí 6200 kHz (nọ́ńbà tó ń fi ibi tí iléeṣẹ́ wà lórí rédíò hàn), tó bá dọ̀sán kó o gòkè lọ sí 15000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.