Géèmù Ń Gbé Owó Lọ Nínú Àkáǹtì Mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, máa ń fi fóònù Android mi ṣe géèmù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, báǹkì yọ owó lẹ́ẹ̀mẹta. Dátà náà kì í pẹ́ tán. Kí ni kí n ṣe?
— Ìyá Bọ́sẹ̀, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ má tíì na ọmọ; káàdì yín tó wà nínú Play Store ló ṣílẹ̀kùn fún un. Tí kò bá tíì ju wákàtí 48 lọ, Google, tó ni Play Store, ni èèyàn ń béèrè owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn. Tiyín ti kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù náà; àdírẹ́sì wọn wà lójú ewé géèmù náà nínú Play Store.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àwòrán yín lókè Play Store, ẹ wọ Settings, kí ẹ wá Purchase verification (Authentication ni lórí fóònù mìíràn). Ẹ ní kó máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ra nǹkan. Ẹ má yan kó máa béèrè ní ìṣẹ́jú 30 sí ìṣẹ́jú 30: tí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà náà lẹ́ẹ̀kan, ọmọ á fi ìyókù àsìkò náà ra dáyámọ́ńdì inú géèmù. Tí ìka ọmọ bá sì wà lára ìka tó ń ṣí fóònù, asán ni gbogbo rẹ̀. Ẹ yọ ìka rẹ̀ kúrò nínú fóònù náà.

Ní ti dátà, ẹ pa á kí ẹ tó gbé fóònù fún un. Géèmù tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀. Fídíò ìpolówó tó ń já lù ú, tó ń jẹ dátà, á dákẹ́, kò sì ní lè ra ohunkóhun.