Ṣé mo ṣẹ̀ sí bàbá mi bí mo bá gba ẹ̀jẹ̀?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékún, Áfà. Ọmọ ọdún 20 ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde la wà. Jínótáìpù SS ni mí, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Láti Àlàmísì ni ara ti ń ro mí, ẹyinjú mi pọ́n bí ìyeyè. Dókítà ní PCV mi (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara mi) ti lọ sílẹ̀ sí 15, pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára. Bàbá mi, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Ajé, ní ẹ̀jẹ̀ háráámù ni, kí n di hàntú (áyà tí a kọ sára wàláà, tí a fi omi fọ̀ mu) àti àdúà mú. Wọ́n ní bí mo bá gbà á, kí n má pe àwọn ní bàbá mọ́. Mo fẹ́ gbà á. Ṣé mo ti ṣẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wàaláékúmù sàlámù, ọmọ mi. O kò ṣẹ̀. Lọ gbà á lónìí.

Òdodo ni pé Al-Kùránì ka ẹ̀jẹ̀ mọ́ ohun tí a ò gbọdọ̀ jẹ. Bàbá rẹ kò purọ́ mọ́ ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ka áyà náà dé ìparí, Súúrà Bákárà, 173: ẹni tí ìnira bá mú, tí kò wá àìgbọràn, tí kò sì kọjá ààlà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ìnira wo ló tún ju kí ẹ̀jẹ̀ máa tán lára ènìyàn?

Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí ń kọ hàntú. Wàláà mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tàdáwà ṣì wà lọ́mọ-ìka mi báyìí. Mo gbà pé ìwòsàn wà nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun. Mu hàntú rẹ, kí o sì gba ẹ̀jẹ̀. Ànábì fúnra rẹ̀ (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ló ní kí a wá ìwòsàn, pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ogbó.

Hádíìsì kan wà tó máa ń dùn mí títí dòní. Òkúta fọ́ ọkùnrin kan lórí lójú ìrìn-àjò. Ilẹ̀ mọ́, ìwẹ̀ jánábà (ìwẹ̀ ìmọ́ra ẹ̀sìn) di dandan fún un, ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá òun lè ṣe tàyámọ́mù, kó fi erùpẹ̀ ṣe ìmọ́ra dípò omi. Wọ́n ní rárá, omi ṣáà wà. Ó wẹ̀, ó kú. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní wọ́n ti pa á, kí ló dé tí wọn ò béèrè nígbà tí wọn ò mọ̀? Abu Dawud ló gbà á wá. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀sìn ló pa ọkùnrin yẹn, ọmọ mi.

Ní ti àṣẹ bàbá, o ti bàlágà, orí rẹ sì pé. Obìnrin kan tí wárápá ń ṣe tọ Ànábì lọ. Ànábì ní bó bá fẹ́, kó ní sùúrù, kó sì wọ àlùjánà. Bó bá sì fẹ́, òun á tọrọ ìwòsàn fún un. Sùúrù ló mú. Àwọn kan ń fi hádíìsì yìí lé aláìsàn kúrò lọ́sibítù. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé obìnrin náà ni Ànábì bi léèrè, kò ní kó lọ pe bàbá rẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó pàdé ní Jẹ́dà, ní ilẹ̀ Saudi, ní 1992 náà sọ ọ́: aláìsàn tí orí rẹ̀ pé la ó gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ìtọ́jú sì di ọ̀ranyàn níbi tí àìgbà á bá lè mú ẹ̀mí lọ.

Má gbó bàbá rẹ lẹ́nu o. Ẹ̀rù pé o lè kú lọ́wọ́ àwọn ló ń bà wọ́n. Kúnlẹ̀, sọ pé, "Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ yè," kí o wá wọ ọkọ̀. Ní kí ìyá rẹ tàbí àǹtí kan tẹ̀lé ọ, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún HIV àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Fi nọ́ńbà bàbá rẹ ránṣẹ́ sí mi. Bí mo bá kírun Àsárì tán, màá yà sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Òkè-Ajé, èmi àti wọn la ó jọ sọ ìyókù.