Eré sísá mi kì í pé ọ̀sẹ̀ kan

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ eré sísá láàárọ̀ lọ́dún yìí, tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún orúnkún á ti máa ro mí, ni mo bá jáwọ́. (Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o Mà, ẹ ti gbé e le jù ni. Ẹ fi eré sísá yẹn sílẹ̀ ná, tẹ́ ẹ bá ti fọ ẹnu tán, ẹ jókòó sórí àga kẹ́ ẹ dìde, ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré, ó tán, ẹ máa lọ ṣọ́ọ̀bù yín. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì ẹ sọ ọ́ di mẹ́wàá. Àwọn olùwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé nǹkan bí ọjọ́ 66 ló máa ń gbà kí nǹkan tuntun tó mọ́ni lára, ti ẹlòmíì tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá sì pa ọjọ́ kan jẹ, kò bà á jẹ́. Orúnkún yẹn ṣá, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó.